Bíìmù Tó Fẹ́ Fò

Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló gbà pé mo mọ ìṣirò. Bíìmù kan báyìí ni kò gbà.

Bíìmù ọ̀hún gùn ní mítà 20, ó ga ní mítà kan, ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40. Wáyà irin ni a óò kì sínú rẹ̀, tí a óò fi jáàkì fà le koko títí kọnkéré yóò fi fún pọ̀. Wáyà náà kò lọ gbọọrọ. Láti àárín gíga bíìmù ní orí kan, yóò rọra sọ̀kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, yóò tún gòkè padà sí àárín ní orí kejì. Títẹ̀ yẹn ni ọgbọ́n ibẹ̀: wáyà títẹ̀ tí a bá fà á fẹ́ na tàntàn, bó sì ṣe ń wá ọ̀nà àtinà ni yóò máa ti bíìmù sókè. Bí agbára ìfà bá jẹ́ 1,500 kN, ẹ ṣe 8 × 1,500 × 0.4, kí ẹ fi 20 × 20 pín in. Ó di 12 kN lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ilé-ìwé lè ṣe é. Èmi ò rí i ṣe.

Òkè bíìmù pátápátá ni mo ti wọn ìsọ̀kalẹ̀ wáyà, dípò àárín rẹ̀. Bí 0.4 ṣe di 0.9 nìyẹn. Mo fi ìdùnnú kọ ọ́ pé wáyà yóò gbé àárín bíìmù sókè ní mílímítà 56. Ọ̀gá mi bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ilé la ní kí o bá wa kọ́, a ò ní kí o gbẹ́ ọrun ọdẹ."

"Ẹ má bínú sà, màá tún un ṣe."

Mo tún un ṣe lóòótọ́. Fọ́múlà wáyà tó lọ gbọọrọ ni mo lọ fà yọ. Ó fún mi ní mílímítà 30, bẹ́ẹ̀ mílímítà 25 ni ti wáyà títẹ̀. Àwòrán wáyà títẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi yà sì wà níwájú mi gbagada.

Nígbà tí 25 jàjà yọjú, mo ń retí kí wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Ọ̀gá ní, "Ṣé bíìmù tìẹ kò wúwo ni?" Ó wúwo, sà! 10 kN lórí mítà kọ̀ọ̀kan, tó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ní mílímítà 21. Gbogbo ariwo mi kò ju mílímítà 4 lọ.

Mo wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé mílímítà 4 yẹn kò ní yí padà mọ́ láéláé. Ìyẹn ló mú kí ọ̀gá ní kí n lọ kà nípa Eugène Freyssinet, ẹnjiníà ará Faransé. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n ṣí afárá rẹ̀ ní Le Veurdre tí àárín rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rì, torí kọnkéré tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ a máa sún díẹ̀díẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Òru ni ọkùnrin náà lọ fi jáàkì gbé e padà. Ẹ̀kọ́ yẹn wúlò fún un nígbà tó gbàwé-àṣẹ lórí irú kọnkéré tiwa yìí lọ́dún 1928.

Torí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹnjiníà, ẹ fojú díwọ̀n ìdáhùn kí ẹ tó tẹ kalikuléṣọ̀. Ibi tí ẹ ti ń wọn wáyà, bó ṣe tẹ̀, ìwúwo bíìmù, àti ọdún tó ń bọ̀: ẹ yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Fọ́múlà kì í purọ́, àmọ́ kò mọ bíìmù tí ẹ gbé síwájú rẹ̀.