Ojú Mẹ́rin Lẹ́yìn Fóònù, Òmùgọ̀ Kan Níwájú Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó fẹjọ́ mi sùn: gbogbo ohun tí mo gbàgbọ́ nípa kámẹ́rà tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó ló wọ́. Mo rò pé bí ojú bá ṣe ń pọ̀ lẹ́yìn fóònù ni ọgbọ́n orí rẹ̀ ṣe ń pọ̀. Àṣé ojú kékeré onímegapixel 2 ni ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ń pè ní “depth”, kò sì ju kó bá wọn sọ ẹ̀yìn fọ́tò di bàìbàì lọ. Ọ̀pọ̀ ojúlówó kámẹ́rà tó ń wọ̀n máa ń ta ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú èèyàn kò rí síta, á sì ṣírò ohun tó padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni Kinect tí Microsoft gbé jáde fún Xbox ní 2010 ṣe ń mọ ẹni tó gbẹ́sẹ̀. Apple ra PrimeSense, àwọn tó ni ọgbọ́n náà, ní 2013. Nígbà tó di 2017, iPhone X ń ta àmì ìmọ́lẹ̀ tó lé ní 30,000 sójú olówó rẹ̀ kó lè dá a mọ̀.

Èyí tó burú jù nínú ìgbàgbọ́ mi ni pé rọ́bọ́ọ̀tì tó bá ní irú ojú bẹ́ẹ̀ lè dá rin Rue Paul Langevin ní Zone 4, Abidjan, já. Dígí ni iwájú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, dígí ni ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ! Ìmọ́lẹ̀ a gba inú dígí kọjá tàbí kó ta síbòmíràn. Bí kò bá padà, ẹ̀rọ a gbà pé ọ̀nà là. Oòrùn ọ̀sán Abidjan fúnra rẹ̀ kún fún infrared, ó sì ń bo àmì kámẹ́rà mọ́lẹ̀. Ẹnìkan á ní ṣebí rọ́bọ́ọ̀tì agbálẹ̀ ń rìn. Inú ilé ló ń rìn, ó sì ní bọ́ńpà tó ń jẹ́ kó mọ̀ pé òun ti forí sọ ògiri. Ẹlòmíràn á ní kámẹ́rà lásán náà ń dá ojú mọ̀, kí la fẹ́ fi wíwọ̀n ṣe? Consumentenbond, ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà ní Netherlands, kéde ní 2019 pé nínú fóònù 110 tí àwọn dán wò, fọ́tò ojú olówó wọn lásán ṣí 42. Fọ́tò kò kúkú ní imú tó yọ síta. Ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ì bá ti mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Èjìgbò ní Abidjan, tí owó ọjà yín ní Treichville àti Marcory wà nínú àpò owó orí fóònù bí Orange Money àti Wave, bí fóònù yín kò bá wọn ojú, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ni kí ẹ fi tì í.