Ẹ Bá Mi Gbóòórùn Fóònù Yìí

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbé àpótí yín sún mọ́bí. Ẹ rọra o, ìyá onífùfú wà lẹ́yìn fèrèsé.

Ọmọ yunifásítì tó háyà yàrá ẹ̀yìnkùlé wa ní Atikori, Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, èyí tó ń wọkọ̀ lọ Àgọ́-Ìwòyè láràárọ̀, òun ló gbọ́rọ̀ dé. Ó ní lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2013, Google kéde ẹ̀rọ kan, Google Nose: wá ohun tó o fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, gbé imú sún mọ́ ọn, òórùn rẹ̀ á jáde. Irọ́ ni! Ọjọ́ àpárá òyìnbó ni. BBC náà dán irú ẹ̀ wò lọ́dún 1965: wọ́n gbé ọ̀jọ̀gbọ́n kan sórí tẹlifíṣọ̀n, ó gé àlùbọ́sà, ó po kọfí, wọ́n ní òórùn rẹ̀ á dé ilé oníkálukú. Ni àwọn kan bá tẹ̀ wọ́n láago pé àwọn gbọ́ ọ! Ẹ̀yin tí ẹ ní èmi ni mò ń fi epo fi iyọ̀ sọ́rọ̀, ẹ ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ DigiScents ní Amẹ́ríkà ò fi tiwọn ṣàpárá. Wọ́n ṣe àpótí kékeré kan, iSmell, tí kọ̀ǹpútà á máa po oríṣi òórùn 128 pọ̀ nínú rẹ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n kógbá sílé. Ọmọ náà ní ohun tó mú un ṣòro ni pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni tẹlifíṣọ̀n ń pò tí ojú fi ń rí gbogbo ìyókù, ṣùgbọ́n ohun tí imú fi ń gbóòórùn tó irú 400.

Irú 400! Mo ṣáà mọ̀ pé imú tèmi kì í ṣe imú lásán. Lọ́jọ́ tí ìyàwó òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ro ìkọ́kọrẹ́, orí ibùsùn ni mo wà tí mo ti mọ̀ pé epo rẹ̀ ti pẹ́, àti pé sáwá ló fi sè é, kì í ṣe ẹja àrọ̀ tó ní wọ́n bá òun rà bọ̀ láti Iwopin. Mi ò sọ fẹ́nì kankan, àfi ìyá aláṣọ, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti ẹ̀yin yìí.

Ẹ tiẹ̀ wo ọkọ ìyàwó òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, á pè é lórí fóònù pé òun wà ní ìṣọ́ òru. Bí ẹ̀rọ tó ń fi òórùn ránṣẹ́ bá dé Atikori, ata ẹran ewúrẹ́ ló máa kọ́kọ́ yọ nínú fóònù, ọtí á tẹ̀lé e, pafúúmù tí kì í ṣe tìyàwó á wá kẹ́yìn.

Ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn fúnra rẹ̀ ti wà o. Ọmọ wa kan tí wọ́n bí l'Ékòó, Oshiorenoya Agabi, so sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ mọ́ ẹ̀rọ, ó ní á lè gbóòórùn àdó olóró. Ọdún 2017 ló gbé e jáde ní Tanzania. Koniku ló pe ilé iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ yunifásítì náà ní bóun bá rówó, òun á ṣe èyí tó ń fi òórùn ránṣẹ́, kí ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè máa gbóòórùn fùfú. Mo ní ṣé kí onílé lè lé e síta? Pákí ọjọ́ mẹ́rin nínú dúrọ́ọ̀mù, tí omi orí rẹ̀ ti ń hó? Ó ní, "Mọ́mì, bọ́tìnnì á wà tí wọ́n á fi pa á." Mo ní kó kọ́kọ́ bá mi fi bọ́tìnnì yẹn sára dúrọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ fèrèsé mi, kó tó kan Lọ́ńdọ̀nù.