Ta Nìyẹn Lókè?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Apẹ̀tẹ̀ ní bí owó bá dé, bàálù kékeré lòun máa rà, kí òun lè bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá.

Mo ní, "Transponder ńkọ́?"

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní bí rádà bá béèrè pé "Ta nìyẹn?", òun ló ń jẹ́ ẹ. Oríṣiríṣi ọ̀nà ló ń gbà dáhùn. Mode A á ka nọ́ńbà mẹ́rin: 7600, rédíò ti kú, 7700, ẹ gbà mí o! Mode C á fi bó o ṣe ga tó kún un. Mode S mọ bàálù kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. ADS-B ò tilẹ̀ dúró de ìbéèrè. Ṣe ló ń kígbe ibi tó o wà kiri bí oníbúrẹ́dì àárọ̀.

Ojú ẹ̀ yí padà. "Kí lánlọ́ọ̀dù sì gbọ́? Ẹ̀gbọ́n, Mode A ti tó mi."