Ọ̀kadà Tí Gbèsè Wà Nídìí Rẹ̀

(Ní ibùdókọ̀ kan ní Ọ̀wọ̀. Ọkọ̀ Ìfọ́n kò tíì kún. Ewúrẹ́ kan tí wọ́n so mọ́ ọ̀kadà ń jẹ káàdì àjọ.)

BÀBÁ ALÁJỌ: Tíṣà, ìwọ ọmọ Ìfọ́n tí ojú rẹ là ju ti ológbò lọ, ọ̀kadà tí mo fi ń gba àjọ láti Ìyèrè dé Ìpele, tí mo gbà láwìn, tí mo sì ti san owó oṣù mẹ́wàá nínú méjìlá lé e lórí, ni mo ní kí o wá gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kí o kàn san ti oṣù méjì tó kù, o wá ń họrí bí ẹni tí iná orí jẹ!

TÍṢÀ: Ẹ ṣeun, Bàbá. Èló lẹ ti ń san lóṣù?

BÀBÁ ALÁJỌ: 20,000 náírà péré.

TÍṢÀ: Ti oṣù méjì tó kù ńkọ́?

BÀBÁ ALÁJỌ: (Ó wúkọ́.) 250,000.

TÍṢÀ: Àpapọ̀ rẹ̀?

BÀBÁ ALÁJỌ: Oṣù kọ̀ọ̀kan.

TÍṢÀ: Yéè! Ẹ jẹ ẹran tán, ẹ wá fi eegun lọ̀ mí! Irú ọgbọ́n yìí ni Houston Rockets, ẹgbẹ́ tí Hakeem Olajuwon ọmọ wa gba ife méjì fún nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ta lọ́dún 2012, nígbà tí wọ́n fẹ́ gba eléré Jeremy Lin mọ́ ẹgbẹ́ New York Knicks lọ́wọ́: mílíọ̀nù 5 dọ́là lọ́dún kìíní, díẹ̀ lé ní 5 lọ́dún kejì, ṣùgbọ́n nǹkan bí 15 lọ́dún kẹta. Knicks, tó lẹ́tọ̀ọ́ láti san iye kan náà kí wọ́n sì dá a dúró, wo ìdí àdéhùn ọ̀hún, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀.

BÀBÁ ALÁJỌ: Houston jẹ oyin nù un.

TÍṢÀ: Kòkòrò ta wọ́n lẹ́nu! Nígbà tí ó di July 2014, tí wọ́n ń wá àyè fún eléré mìíràn, Chris Bosh, wọ́n fẹ́ gbé Lin fún Los Angeles Lakers. Mílíọ̀nù 8 lé díẹ̀ ni ìwé líìgì ka owó rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n 15 ni ẹni tó bá gbà á yóò kà jáde lápò. Lakers ò gbà á lásán o: Houston ní láti fi ẹ̀tọ́ wọn láti mú ọ̀dọ́ eléré kan ní ìpele kìíní ìṣàyàn ṣe èènì. Bosh tí wọ́n tìtorí rẹ̀ palẹ̀ mọ́ sì ní òun ò kúrò ní Miami.

BÀBÁ ALÁJỌ: Wọ́n lé ẹyẹlé nítorí àdàbà, àdàbà fò kọjá! Osimhen, agbábọ́ọ̀lù wa, ńkọ́? Ṣebí díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n san owó tiẹ̀ náà?

TÍṢÀ: Mílíọ̀nù 75 yúrò ni ẹgbẹ́ Galatasaray bá ẹgbẹ́ Napoli ṣàdéhùn lé lórí lọ́dún 2025, 40 ni wọ́n sì kọ́kọ́ kà sílẹ̀. Orí owó tiẹ̀ ló wúwo, ìdí tiyín ló wúwo.

BÀBÁ ALÁJỌ: Ìdí ta ni?

TÍṢÀ: Ìdí gbèsè, Bàbá! Bí wọ́n bá ń ṣe ọdún Ìgógó, wọn kì í lu ìlù ní Ọ̀wọ̀. Ta ni yóò fi irú òfin bẹ́ẹ̀ de ẹnu yín? Ẹ fi ewúrẹ́ yẹn ṣe èènì, kí ẹ sì san ti oṣù kọkànlá.

BÀBÁ ALÁJỌ: Kí n fún ọ ní ọ̀kadà, kí n tún fún ọ léwúrẹ́? Olè ni ọ́!

(Ọkọ̀ kún, Tíṣà wọlé, wọ́n gba ọ̀nà Ìfọ́n lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí owó oṣù kọkànlá pé.)