Pásíwọ́ọ̀dù Kan fún Odidi Ilé

Ẹ fa àpótí yẹn sún mọ́ mi, kí Ìyá Aláṣọ má baà gbọ́. Ẹni yẹn kò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ nínú, kò dà bí èmi.

Ṣé ẹ rántí ariwo tó sọ ní alẹ́ Sátidé láàárín ọ̀gá tó ń gbé yàrá òkè àti ìyàwó mẹkáníìkì? Ẹ̀yin rò pé omi kànga ni wọ́n ń jà sí. Irọ́ ni o. Netflix ni. Ọ̀gá yìí ló ń sanwó lóṣooṣù. Ó fún àbúrò rẹ̀ ní pásíwọ́ọ̀dù, àbúrò fún ọ̀rẹ́bìnrin, ọ̀rẹ́bìnrin sọ ọ́ fún ẹni tó ń dirun fún un, báyìí ló ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹkáníìkì, tó fi ń wo fíìmù àwọn ará Kòríà mọ́jú. Ọ̀gá ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní kí òun sinmi díẹ̀, Netflix ní kò sáyè, èèyàn ti kún. Ẹni tó sanwó ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún!

Mi ò dá obìnrin náà lẹ́bi. Netflix fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa. Lọ́dún 2017, wọ́n kọ ọ́ sórí Twitter pé ìfẹ́ ni kéèyàn fún ẹlòmíì ní pásíwọ́ọ̀dù. Ọjà ń tà nígbà náà, kí ni kò ní jẹ́ kí ìfẹ́ wà? Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, oníbàárà 200,000 já kúrò lára wọn láàárín oṣù mẹ́ta péré. Àyà wọn já. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣírò, wọ́n ní ìdílé tó lé ní mílíọ̀nù 100 káàkiri ayé ló ń wo tiwọn láìfi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Bí ìfẹ́ ṣe tán nìyẹn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n kọ̀wé sí àwọn ará Amẹ́ríkà pé ẹni tí kò bá gbé ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tó sanwó, kó lọ san tirẹ̀. Èébú tí wọ́n gbà kéré? Àwọn oníbàárà ṣépè fún wọn, wọ́n ní àwọn ń lọ. Ibi tí wọ́n lọ rèé: oníbàárà tó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 231 ní ìparí 2022 di mílíọ̀nù 260 ní ìparí 2023, ó sì kọjá mílíọ̀nù 300 ní ìparí 2024. Àwọn tó ń búra ní gbangba ló ń lọ sanwó ní kọ̀rọ̀. Mo mọ irú wọn, wọ́n wà nínú ilé yìí, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ.

Ẹ dákun, ta ló gbé ìkòkò ẹ̀wà mi sọ̀ kalẹ̀? Ẹ bá mi gbé e padà síná.

Àwọn Netflix tó ń ṣe bí ọba báyìí, tálákà paraku ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ọdún 1997 ni Reed Hastings àti Marc Randolph dá a sílẹ̀, DVD ni wọ́n ń fi sínú àpò lẹ́tà ránṣẹ́ sáwọn èèyàn. Lọ́dún 2000 owó fẹ́ tán lọ́wọ́ wọn pátápátá. Wọ́n gbéra, ó di Dallas, lọ́dọ̀ àwọn Blockbuster tí ṣọ́ọ̀bù wọn kún gbogbo Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi fíìmù háyà. Wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ rà wá ní mílíọ̀nù 50 dọ́là. Randolph kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ọ̀gá Blockbuster ń fi tipátipá pa ẹ̀rín mọ́ inú ni. Wọn ò rà á. Lọ́dún 2010, Blockbuster tó ń pa ẹ̀rín mọ́ inú wá lọ sọ nílé ẹjọ́ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn.

Àwa náà háyà fíìmù nílẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ọmọdé kò mọ̀. *Ti Olúwa Ni Ilẹ̀* tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1993, apá kìíní nìkan ni mo rí wò fún ìgbà pípẹ́, nítorí ìyàwó pásítọ̀ kan ló gbé apá kejì lọ tí kò dá a padà. Ẹ̀rù ìtanràn kò bà á, ti ọ̀run náà kò bà á.

Kí ni mo tiẹ̀ ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, bí Netflix àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ya wọ ọ̀dọ̀ wa. Jason Njoku wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i pé owó wà nínú fíìmù wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí YouTube ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dá iROKOtv sílẹ̀ ní 2011. Netflix dé ní oṣù kìíní 2016. Wọ́n wá rí i pé Yorùbá ń tà: *Aníkúlápó* ti Kúnlé Afọláyan ní 2022, *Jagun Jagun* ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ ní 2023. Amazon náà gbé Prime Video tirẹ̀ dé ní 2022, ó ní ₦2,300 lóṣù. Wọ́n gbé *Gangs of Lagos* jáde ní 2023, àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó sì fárígá nítorí bí wọ́n ṣe lo Èyò nínú rẹ̀. Èyò kọ́ ló lé Amazon lọ o, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ mọ́ Èyò. Owó ni. Ní oṣù kìíní 2024, wọ́n ní àwọn kò ní máa náwó sí fíìmù tuntun nílẹ̀ Áfíríkà mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, Netflix gbówó lórí ẹ̀ẹ̀mejì: èyí tó ga jù nínú ètò wọn kúrò ní ₦4,400, ó di ₦5,000, ó tún di ₦7,000. Bẹ́ẹ̀ dátà wà níbẹ̀, tí ìjọba gbà kí wọ́n fi ìdá 50 nínú 100 lé lówó ní 2025. DSTV náà ti bọ́ sọ́wọ́ ará Faransé lọ́dún yẹn: Canal+, tó ti ra ilé iṣẹ́ fíìmù ROK lọ́wọ́ Njoku ní 2019, ti gbé MultiChoice tó ni DSTV lódindi.

Àwọn òṣèré wa kò jókòó sunkún. Wọ́n gba YouTube lọ. Oníbàárà kò san nǹkan kan níbẹ̀ ju dátà, ìpolówó ló ń sanwó, YouTube á fún ẹni tó ni fíìmù ní ìdá 55 nínú 100. Fíìmù Omoni Oboli kan tó jáde ní oṣù kẹta 2025, *Love in Every Word*, kò pé oṣù kan tí wọ́n ti wò ó ní ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù 20. Àṣírí kan wà níbẹ̀ o: owó tí onípolówó ń san lórí ẹni tó ń wò ní London kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó ń san lórí ẹni tó ń wò ní Ìbàdàn. Àbúrò mi ní Peckham, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń wo fíìmù Yorùbá mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ Sunday, ṣe wọ́n lóore ju gbogbo wa tí a wà níhìn-ín lọ.

Àwọn mìíràn ti ń dá ibi ìwo-fíìmù tiwọn sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù Filmhouse àti Inkblot gbé Kava jáde ní 2025, Mo Abudu náà gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún kan náà. Kí Ọlọ́run bá wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí a wà yìí, YouTube ti gbà á lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ìyàwó mẹkáníìkì gan-an ti kó lọ síbẹ̀ láti Sátidé.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, tí ìpolówó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín fíìmù, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, ẹ má fò ó. Owó òṣèré wà níbẹ̀. Ti àwọn oní-tẹ́tẹ́ nìkan ni kí ẹ fò, nítorí ọkọ Ìyá Aláṣọ.