Ilẹ̀ Tí Bọ̀dá Yàrá Kẹrin Rà Sétí Òkun

Ìyá Ìbejì, ẹ gbé àpótí yín sún mọ́ mi díẹ̀, kí n má baà máa pariwo ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó kọjá ẹnu ọ̀nà kíṣìnì yìí. Ẹ máa ṣa ẹ̀wà yín lọ, etí nìkan ni mo fẹ́ yá. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ mí, n kì í ṣe òfófó. Ohun tí ojú mi bá rí ni mo máa ń sọ. Tí ojú mi ò bá sì rí i, mo máa ń wá a lọ.

Ṣé ẹ rántí oṣù tó kọjá, tí bọ̀dá yàrá kẹrin ń yan bí àkùkọ nínú ilé yìí? Ó ní òun ti ra ilẹ̀. Mo ní níbo? Ó ní etí òkun. Ìyá Ìbejì, ẹni tó jẹ bàbá onílé ní owó oṣù mẹ́fà! Ẹni tó wá bu iyọ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú, tó mú ṣíbí mi lọ, tí ṣíbí ò sì tíì dé! Mo ní ṣé àwọn ọmọ onílẹ̀ ò dà á láàmú ṣá? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní níbi tí òun ra ilẹ̀ sí, ọmọ onílẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ibẹ̀ lara ti fu mí. Ilẹ̀ wo ló wà láyé yìí tí kò ní ọmọ onílẹ̀?

Ilẹ̀ mọ́, mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, tó ń jẹ odidi búrẹ́dì kan ní ìjókòó kan. Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì yẹn, màá padà sórí rẹ̀. Ó ní, "Màmá, Second Life nìyẹn." Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní ayé kejì. Àyà mi já. Mo rò pé bọ̀dá ti lọ ra ilẹ̀ sọ́run.

Kì í ṣe ọ̀run o, inú íntánẹ́ẹ̀tì ni. Àwọn òyìnbó kan ní San Francisco, ilé-iṣẹ́ Linden Lab tí Philip Rosedale dá sílẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2003. Wọ́n tẹ́ ilẹ̀, wọ́n da òkun yí i ká, wọ́n ní káráyé máa bọ̀. Àwọn tó wá síbẹ̀ ló wá ń kọ́lé, tí wọ́n ń rán aṣọ, tí wọ́n ń gbẹ́ àga, tí wọ́n ń tà á fún ara wọn. Owó wọn yàtọ̀ sí tiwa, dọ́là Linden ni, nǹkan bíi 250 rẹ̀ ló ń jẹ́ dọ́là Amẹ́ríkà kan. Owó gidi lẹ máa fi ṣẹ́ ẹ, ẹni tó bá sì rí tà níbẹ̀ lè ṣẹ́ ẹ padà sí owó gidi. Ọ̀rọ̀ owó gidi yẹn ló là mí lójú. Ibi tí owó gidi bá wà, ìròyìn gidi ò ní í ṣàìsí níbẹ̀.

Mo ní kí ọmọ tan kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Wọ́n ní kí n mú orúkọ. Mo ní Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ò gba àmì ohùn, kò gba àmì abẹ́ lẹ́tà, ló bá di Abeke gbẹrẹfu, bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ò kì rí. Wọ́n tún ní ẹnì kan ti ń jẹ́ ẹ, ni wọ́n bá fi nọ́ńbà sí mi nídìí bíi dáńfó. Ara tí wọ́n gbé fún mi wá ńkọ́? Ọmọ ogún ọdún, ìbàdí rẹ̀ bí ọwọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kéèyàn tún ara rẹ̀ dá: ẹ óò kàn fa nǹkan kan sọ́tùn-ún, imú á gùn, ẹ fà á sósì, á kúrú. Mo fa ìdí sọ́tùn-ún títí ọmọ fi ní, "Màmá, ó ti tó."

Ẹ jẹ́ n sọ èyí kí n tó gbàgbé: wọ́n ń fò níbẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ilẹ̀ ti bọ́ lẹ́sẹ̀ yín nìyẹn. Egbé tí àwọn bàbá wa ń fi oògùn ṣe, ọ̀fẹ́ ni níbẹ̀. Ẹ yan ibi tí ẹ fẹ́, ẹ ti débẹ̀. Aago California ni wọ́n sì ń lò. Báyìí tí a wà yìí, wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa, tó bá di ọyẹ́, á di mẹ́sàn-án. Ayẹyẹ tí wọ́n bá fi sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago méjìlá òru ni tiwa. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó jókòó sínú òkùnkùn láago méjìlá òru, tó ń fò kiri. Ìyá Ìbejì, mo bẹ̀ yín, kí wòlíì wa má gbọ́.

Nítorí bọ̀dá ni mo ṣe lọ, ṣùgbọ́n ọjà ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Ìsọ̀ ni lọ, ìsọ̀ ni bọ̀: irun, bàtà, awọ ara gan-an, wọ́n ń tà á. Ẹ ò ní í rí olùtajà. Àwòrán ọjà ló wà lára ògiri, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ sanwó, ó parí. Ṣé èmi á ra nǹkan kí n má ná an? Mo rí obìnrin kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, ìró rẹ̀ ń dán, mo kọ ọ́ sí i pé irun òkè yẹn, kó gba ọgọ́rùn-ún. Kò dáhùn. Mo ní àádọ́fà. Kò mira. Mo ní ìwọ ọmọbìnrin yìí, o ò mọ̀ pé mo jù ọ́ lọ ni? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yọjú léjìká mi, ó ní ère tí wọ́n fi ń pàtẹ aṣọ ni.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé wọ́n ń fún yín ní èyí tí ẹ máa fi dánra wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ má baà gbé e sá lọ, wọ́n á gbé pátákó gàdàgbà kan lé e tí wọ́n kọ DEMO sí, pátákó náà á sì máa fò lókè orí yín kiri. Ẹ fi pátákó yẹn sọ́kàn.

Wọ́n tún ní àga oríire. Lẹ́tà kan á hàn lókè àga. Tó bá jẹ́ òun ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ yín, ẹ sáré jókòó, ẹ̀bùn ti di tiyín. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́tà á yí padà. Lóru ọjọ́ kan, àwa bíi mẹ́wàá la yí àga kan ká, kò sẹ́ni tó ki ẹnì kejì. W yọ, M yọ, T yọ lẹ́ẹ̀mejì. Dátà ń jó, ó ń jẹ ẹ́ ju bí ọmọ yẹn ṣe ń jẹ búrẹ́dì lọ (mo ṣèlérí pé màá padà sórí búrẹ́dì, mo ti padà). Nígbà tí A máa yọ, ọkùnrin kan tó ní ìyẹ́ lẹ́yìn já bọ́ láti òkè, ó bá jókòó. Mo ṣépè fún un. Lédè wa ni, kò mọ̀.

Mo wá béèrè nípa ilẹ̀. Odindi ilẹ̀ kan níbẹ̀, mítà 256 ní ìbú, mítà 256 ní òró. Mo ṣírò rẹ̀, ó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún plọ́ọ̀tì tiwa. Ẹ lè ra díẹ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá rà á tán, oṣooṣù lẹ óò máa san owó kan lé e, tí ẹ ò bá san án, wọ́n á gbà á. Àbí ẹ gbọ́! Ẹni tó ra ilẹ̀ tó tún ń san owó oṣù, kí ló fi yàtọ̀ sí èmi àti ẹ̀yin tí à ń sá fún bàbá onílé?

Síbẹ̀, ilẹ̀ yẹn sọ ẹnì kan di olówó o. Ọmọ Ṣáínà kan tó ń gbé ní Jámánì, Ailin Graef. Anshe Chung ló ń jẹ́ níbẹ̀. Dọ́là mẹ́wàá ó dín díẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń ra ilẹ̀, ó ń gé e, ó ń tún un ṣe, ó ń yá a fáwọn èèyàn. Lóṣù karùn-ún 2006, ìwé ìròyìn BusinessWeek gbé àwòrán ẹni orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú ìwé. Nígbà tó máa fi di oṣù kọkànlá ọdún náà, ó kéde pé ohun ìní òun níbẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù dọ́là kan. Bàbá onílé wa ò gbọdọ̀ gbọ́ ìtàn yìí.

Ibi tí ajé bá sì wà, gbájúẹ̀ ò ní í jìnnà. Báńkì kan wà níbẹ̀, Ginko Financial. Èlé tó ń ṣèlérí lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀, ẹ ṣáà rántí àwọn tó wá sí àdúgbò wa pé ká fi owó sílẹ̀ kó lọ bímọ. Lóṣù keje 2007, Linden Lab fòfin de tẹ́tẹ́. Ọkàn àwọn tó fowó sí báńkì náà ò balẹ̀ mọ́, gbogbo wọn sáré lọ gbowó lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù kẹjọ, báńkì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣírò owó tó há síbẹ̀ sí nǹkan bíi 750,000 dọ́là Amẹ́ríkà. Ìgbà tó di oṣù kìíní 2008 ni Linden Lab ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìjọba kò gbọdọ̀ gba owó èèyàn lórí èlé níbẹ̀ mọ́. Ẹṣin ti jáde kí wọ́n tó wá okùn.

Ó le débi pé ìjọba Sweden kọ́ ẹ́ńbásì síbẹ̀! Mínísítà wọn fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Carl Bildt, ló ṣí i ní ìparí oṣù karùn-ún 2007. Maldives ló ṣáájú wọn lóṣù yẹn kan náà. Nígbà tí mo gbọ́ ẹ́ńbásì tí kò sí ẹni tó tò síwájú rẹ̀, ara mi yá gágá. Wọn ò fúnni ní físà níbẹ̀. Àwòrán ni wọ́n ní kí èèyàn wá wò nígbà yẹn.

Kì í ṣe eré nìkan ni wọ́n ń ṣe o. Láti 2005 ni wọ́n ti ń rìn níbẹ̀ lọ́dọọdún láti kówó jọ fún ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti àìsàn jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, American Cancer Society. Ọmọ náà fi fídíò rẹ̀ hàn mí. Àwọn kan jẹ́ ẹranko, àwọn kan gbé ìyẹ́, gbogbo wọn ń rìn yí ojú ọ̀nà kan ká, àtùpà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, orúkọ àwọn tí àrùn náà ti mú lọ wà lára rẹ̀. Mo rántí àbúrò mi. N ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe ìṣe mi.

Ó dáa, bọ̀dá. Mo ti yọjú wo orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ tó jókòó sí kọ́rídọ̀. Mo wá a, mo rí i. Ẹ rí i, ẹnikẹ́ni tí ẹ bá tẹ̀ níbẹ̀, ìwé ìtàn ara rẹ̀ á ṣí: ọjọ́ tó dé, ibi tó fẹ́ràn, ẹni tí wọ́n jọ so pọ̀. Ẹni tí wọ́n jọ so pọ̀! Bọ̀dá yàrá kẹrin ní ìyàwó, Ìyá Ìbejì! Ẹni tí èmi àti ẹ̀yin ti ń fi ọmọ díákónì lọ̀ láti ọdún kẹta! Dọ́là Linden mẹ́wàá mẹ́wàá ni tọkọtìyàwó ń san kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, kò tó owó gúgúrú. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ ara wọn, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ilẹ̀ tó rà wà nínú ìwé yẹn. N ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kí egbé gbé mi lọ. N ò rántí pé mo ti bọ́ irun mi sílẹ̀ nítorí tuntun tí mo ń dán wò, pé irun náà ò tíì jáde dáadáa, pé pátákó DEMO ṣì ń fò lókè orí mi. Bàtà tí mo rà náà, inú páálí ló wà. Kàkà kí n tú páálí, mo ní kí wọ́n fi wọ̀ mí, páálí bá lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ ọ̀tún bí ẹrù ìyàwó.

Ilé onígíláàsì ni, ó fojú sí òkun lóòótọ́, ajá kan sùn síwájú ilé. N ò wọlé. Mo dúró sórí yanrìn. Ìyá Ìbejì, ẹni tó ṣe ayé yẹn mọ̀ pé irú wa wà: ojú tí ẹ fi ń wòran, ẹ lè dá a rán níṣẹ́, á gba inú ògiri kọjá, ẹsẹ̀ yín á ṣì wà níta. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sì kọ láàárín ogún mítà, ẹ óò kà á.

Mo bá àwọn méjèèjì lórí àga. Bọ̀dá ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ilé tí òun ń gbé dára, ṣùgbọ́n ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ka iye ìgbà tí òun ń lọ ilé ìyàgbẹ́.

Èmi! Inú bí mi. Ọwọ́ mi ṣáájú ọpọlọ, mo kọ ọ́ gàdàgbà, lédè Yorùbá, pé irọ́ ni, pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo kà.

Ilé dákẹ́. Bọ̀dá dìde, ó jáde. Ó wo apárí, ó wo pátákó, ó wo páálí. Kò sọ ohunkóhun. Mo kàn rí i pé atẹ́gùn gbé mi jù sẹ́yìn, ìlà pupa dúró yí ilẹ̀ náà ká bí wáyà ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ léraléra pé èèwọ̀, ẹ má wọlé.

Láàárọ̀ àná, mo wà nídìí ẹ̀rọ omi, mo wé gèlè, mo ṣe bí ẹni tí kò tíì jí dáadáa. Ó dé pẹ̀lú kóróbá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ káàárọ̀ mà. Ó fa ṣíbí mi yọ nínú àpò, ó ti fọ̀ ọ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ó wo orí mi títí.

Ó ní, "Màmá, irun yín ti hù padà."