Ta Ló Gbé Owó Àjọ Náà?

Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ fa àpótí yẹn, ẹ jókòó. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣòfófó. Ohun tí etí mi bá gbọ́ lẹnu mi ń sọ. Ṣé ẹ rí ẹsẹ̀ mi tó wú yìí? Fóònù ló fà á. Kì í ṣe fóònù tèmi o!

Ẹ rántí 2001 tí GSM dé? 50 náírà ni ìṣẹ́jú kan. Èèyàn á pè, á ní "mo ti dé," á pa á. Ta ló fẹ́ fi iye yẹn jà? Ìgbà tí Glo gbé owó ìṣẹ́jú-àáyá dé ní 2003 ni ìjà tọkọtaya wọ orí fóònù. Ẹ sì rántí 2011, tí wọ́n ní ẹni tó bá gbé ìpè 09141, ó kú nìyẹn? Àwọn NCC tó ń bójú tó iléeṣẹ́ fóònù ní irọ́ ni, síbẹ̀ Bàbá lánlọ́ọ̀dù ń fi igi ìdáná ti fóònù wọn.

Ibo la bá ọ̀rọ̀ dé ná? Ẹ̀n-ẹ́n, ẹsẹ̀ mi. Inú danfo ló ti ṣẹlẹ̀. Ìyánà Ìpájà ni mo ti wọ̀ ọ́, mò ń lọ Òṣòdì. Dẹ́rẹ́bà fi ọwọ́ kan di fóònù mú, ohùn ìyàwó rẹ̀ gba inú ọkọ̀ kan: "Ta ló gbé owó àjọ mi?"

Bàbá àgbàlagbà kan ní, "Ọmọ mi, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Òfin ìrìnnà Èkó ti kà á léèwọ̀ láti 2012."

Dẹ́rẹ́bà ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí àwọn LASTMA tó ń mú awakọ̀ níbí ni?"

Ó yẹ kí n gbè sẹ́yìn bàbá yẹn. Àmọ́, Ìyá Bọ́sẹ̀, obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní òun máa dárúkọ olè ọ̀hún ni! Èmi ni mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́rọ̀."

Gbàà! Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan já síwájú wa, dẹ́rẹ́bà fẹ́ fi ọwọ́ kan yà fún un, ó di inú gọ́tà. Ọlọ́run ló yọ wá. Fóònù bá omi lọ tòun torúkọ olè. Mo fi ẹsẹ̀ sanwó ọ̀rọ̀, wọn ò gbé ọjà fún mi.

Láti òní lọ, dẹ́rẹ́bà tó bá fọwọ́ kan fóònù, èmi ni màá kọ́kọ́ pariwo…

Ẹ dákẹ́ ná. Ta ló ń bú ọkọ rẹ̀ lórí fóònù ní yàrá kẹta yẹn? Ẹ rọra sún àpótí yẹn mọ́ ògiri.